Benjamin Franklin, Ọkùnrin Orí Dọ́là, àti Ọmọ Rẹ̀ tí Ìgbóná Pa

  Èmi ló kàn ní tẹ́ẹ̀mù yìí láti kọ ìtàn ìgbésí ayé èèyàn ńlá kan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Àwọn tó ṣáájú mi ti kọ nípa Àjàyí Crowther, wọ́n ti kọ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, èmi náà sì ti fẹ́ kọ nípa Ẹfúnṣetán Aníwúrà kí n tó yí ọkàn padà. Ẹni tí mo wá mú yìí kì í ṣe Yorùbá rárá. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni, ó sì ti kú láti ọdún 1790. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Ẹni tó bá ti rí owó dọ́là ọgọ́rùn-ún rí, bàbá tó pá níwájú orí, tí irun rẹ̀ gùn sí ẹ̀gbẹ́ etí, tó ń wo èèyàn bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó yẹn, òun ni. Benjamin Franklin lorúkọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi yí ọkàn padà, màá sọ ọ́ tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti bí i.

Ìlú Boston ni wọ́n bí Benjamin sí, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1706. Nígbà yẹn, kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Amẹ́ríkà. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, bí àwa náà ṣe wà lábẹ́ wọn kó tó di 1960. Ọmọ 17 ni bàbá rẹ̀, Josiah, bí. Benjamin ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni Josiah ń ṣe tà. Ọdún méjì péré ni Benjamin lò nílé ìwé, owó ò sí. (Àwa tí à ń sunkún nítorí prep, ẹ gbọ́ o.) Wọ́n ní kó wá máa ṣe àbẹ́là pẹ̀lú bàbá rẹ̀, kò fẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Ìwé ló fẹ́ràn, gbogbo kọ́bọ̀ tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé ló ń fi í rà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, bàbá rẹ̀ fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ James kó lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ àbúrò níṣẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. James a máa lù ú dáadáa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ayé ìgbà náà kì í sì í ṣe bíi ti kọ̀ǹpútà wa yìí. Irin kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tò wọ́n sínú pákó, ojú wọn á yí sódì bí ìgbà tí a bá ń wo ìwé nínú dígí. Tó bá tò wọ́n tán, á fi tàdáwà kùn wọ́n, á gbé bébà lé wọn, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Benjamin tètè mọ̀ ọ́n ṣe. Tí wọ́n bá sì tẹ ìwé ìròyìn tán, òun náà ló ń gbé e kiri ìgboro lọ fún àwọn tó ń rà á. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1721, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Seahorse gúnlẹ̀ sí Boston láti àwọn erékùṣù Caribbean. Ìgbóná wà nínú ọkọ̀ náà. Ìgbóná tí mò ń wí yìí kì í ṣe ibà lásán o, Ṣọ̀pọ̀nná ni. Ìyá Àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pe orúkọ yẹn títí di òní. Olóde ló máa ń pè é, tàbí kó ní Ilẹ̀ẹ́gbóná, tí mo bá sì ṣèèṣì pè é lọ́sàn-án gangan, á gbá mi lẹ́nu. Ara èèyàn á kọ́kọ́ gbóná bí iná. Lẹ́yìn náà, nǹkan á sú bo ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọyún á kún inú wọn. Ẹni tí kò bá kú, àpá rẹ̀ á wà lójú rẹ̀ títí ayé. Ojú àwọn mìíràn á fọ́. Ohun kan ṣoṣo tó dára níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kì í tún ṣe é mọ́. Èèyàn tó wà ní Boston nígbà náà tó 11,000. Ó ju ìdajì wọn lọ tó kó o lọ́dún yẹn.

Ọkùnrin dúdú kan sì wà ní ìlú náà tó ti mọ ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Onesimus ni wọ́n ń pè é, ẹrú ni. Ọdún 1706 tí wọ́n bí Benjamin gan-an ni àwọn ọmọ ìjọ kan fi Onesimus ta pásítọ̀ wọn lọ́rẹ, bí ẹni fi ewúrẹ́ tọrẹ. Cotton Mather ni pásítọ̀ náà. Òun ló sọ ọ́ ní Onesimus, ó mú orúkọ yẹn látinú lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nínú Bíbélì. Ẹrú ni Onesimus ti inú Bíbélì náà. Lọ́jọ́ kan, Mather bi í bóyá ó ti ṣe ìgbóná rí. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá ṣàlàyé pé nílẹ̀ àwọn ní Áfíríkà, wọ́n máa ń mú díẹ̀ nínú ọyún ara ẹni tó ń ṣe ìgbóná, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí ara ẹni tí kò tíì ṣe é rí, wọ́n á fi ọyún yẹn sí i. Ara onítọ̀hún á gbóná díẹ̀, á sì bọ́ lọ́wọ́ ìgbóná títí ayé rẹ̀. Ó na apá rẹ̀, ó fi àpá gbẹ́rẹ́ náà hàn án. Mather lọ bi àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn tó wà ní Boston, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ó tún kà á nínú ìwé pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tọ́kì.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ nínú láíbìrì wa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo, àfi bí olùtọ́jú láíbìrì ṣe wò mí. Gbẹ́rẹ́! Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀!

Nígbà tí ìgbóná wá dé, Mather kọ̀wé sí àwọn dókítà ìlú pé kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, Zabdiel Boylston. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 1721, Boylston sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọkùnrin tirẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 6, ó sín in fún ẹrú rẹ̀ kan àti ọmọ ẹrú náà tó ṣì kéré gan-an. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yè. (Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni bi ẹrú yẹn bóyá ó fẹ́.) Inú ìlú kò dùn rárá. Àwọn aláṣẹ ìlú kìlọ̀ fún un pé kó jáwọ́. Àwọn kan ń wá a láti pa á, ó ní láti fara pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ibí yìí ni James, ẹ̀gbọ́n Benjamin, ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní The New-England Courant. Láti ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń bú gbẹ́rẹ́ Boylston. Dókítà William Douglass wà lára àwọn tó ń kọ̀wé sínú rẹ̀, òun nìkan sì ni dókítà tó ní oyè yunifásítì nínú gbogbo Boston. Ẹ wo bó ṣe rí: ẹni tó kàwé jù ni kò gbà, ẹni tí kò lọ sí yunifásítì ló ń ṣe é. Wọ́n fi Mather ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fi Boylston ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì fi àwọn ọmọ Áfíríkà tó sọ ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹrú gbọ́. Ìwé ìròyìn náà máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kó tà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ àwọn pásítọ̀ ti sú ń rà á kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ti ń bú wọn. Àwọn pásítọ̀ náà ń fún un lésì nínú ìwé ìròyìn mìíràn. Bí nǹkan ṣe wá rí ni pé tí o bá kórìíra Mather, o ní láti kórìíra gbẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àìsàn ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tèmi, ẹgbẹ́ tìẹ.

Ta ló ń to àwọn lẹ́tà ìwé ìròyìn yẹn? Benjamin wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni. Òun náà ló ń gbé e kiri àwọn ilé tí ìgbóná ti ń pa èèyàn.

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ àwọn ará Boston. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kò nídìí. Ẹni tí wọ́n bá sín gbẹ́rẹ́ yẹn fún lè kó ìgbóná ran ẹlòmíràn tí kò bá jókòó sílé, àwọn kan tí wọ́n sín in fún sì kú. Ṣùgbọ́n iye tó kú ni kí ẹ wò. Nínú àwọn tó lé ní 240 tí Boylston sín gbẹ́rẹ́ fún, 6 ló kú. Nínú àwọn tó kó ìgbóná lásán, tí wọ́n sún mọ́ 6,000, àwọn 844 ló kú. Mo pín in sẹ́yìn ìwé Mathematics mi. Ẹnì kan nínú 40 ló kú ní ọ̀dọ̀ Boylston, ẹnì kan nínú 7 ló kú níbòmíràn. Èèyàn á ní kí gbogbo ìlú sáré lọ bá Boylston nígbà yẹn, àbí? Ní oṣù kọkànlá, ẹnì kan ju bọ́ǹbù gba ojú fèrèsé wọ ilé Mather. Ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún ló ń sùn nínú yàrá náà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, okùn iná bọ́ǹbù náà já, kò bú.

Ibí yìí ni mo ti rántí ara mi, ìdí tí mo fi fi Ẹfúnṣetán sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rántí pé ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ilé ìwé wa pé àwọn fẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Kòkòrò tó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àwọn obìnrin ni ó ń dènà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gún un. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kí àwọn òbí wa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, àǹtí mi kan jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ó pe ara rẹ̀ ní dókítà, ó ní abẹ́rẹ́ náà kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin lè bímọ. Kò dárúkọ ara rẹ̀, kò dárúkọ ọsibítù rẹ̀. Èmi náà kò bèèrè.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti paná, mo sọ ọ́ fún gbogbo yàrá wa. Kí n sọ òótọ́, mo tún fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo ní wọ́n ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó kàn dùn mọ́ mi pé gbogbo wọn dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ mi. Ọmọ 12 ni wá nínú yàrá wa. Àwọn 2 péré ló gba abẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Síbẹ̀ ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú lọ́kà rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí a máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun lòun máa di àgàn. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

Bàbá mi ní irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí kí wọ́n tó bí mi. Ní 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ní òkè ọya dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, nítorí wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àìsàn náà tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n padà gbà á ní 2004, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti yarọ kò rìn mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Benjamin.

Ó wù ú láti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé James kò ní gbà. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó ń kọ lẹ́tà lórúkọ opó kan tí kò sí láyé, Silence Dogood, ó sì ń tì wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé lóru. James àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á, wọ́n yìn ín, wọ́n tẹ 14 nínú rẹ̀ jáde láìmọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń lù ló kọ ọ́. Nígbà tí àṣírí tú, ìjà pọ̀ sí i. Ní 1723, Benjamin sá kúrò nílé, ó lọ sí Philadelphia. Ọmọ ọdún 17 ni, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1729, ó ti ra ìwé ìròyìn tirẹ̀, The Pennsylvania Gazette. Ó fẹ́ Deborah Read ní 1730. Ó dá láíbìrì kan sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú ní 1731, ó sì ń tẹ kàlẹ́ńdà olówe kan tí gbogbo èèyàn ń rà.

Nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀ yìí, kò ṣe bíi ti James. Nígbà tí ìgbóná dé Philadelphia ní 1731, ó tẹ ìròyìn àwọn tó sín gbẹ́rẹ́ tí wọ́n yè, ó sì gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n má bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ tó ń gbé ìwé ìròyìn yẹ̀yẹ́ kiri Boston ti rí òótọ́. Èmi rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn náà parí sí, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 1732, Deborah bí ọmọkùnrin kan fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Francis. Franky ni wọ́n ń pè é nílé. Ọmọ náà já fáfá, bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní 1736, ìgbóná tún wọ Philadelphia. Benjamin mọ ohun tó yẹ kó ṣe, òun náà ló ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n inú ti ń ṣe Franky, ó ti yàgbẹ́ títí ara rẹ̀ fi rù. Bàbá rẹ̀ ní kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ le ná kí wọ́n tó sín gbẹ́rẹ́ fún un. Ìgbóná kò dúró. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 1736, Franky kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù kan ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló dùn mí jù. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé gbẹ́rẹ́ ló pa ọmọ Franklin. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tó fẹ́ràn gbẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ti kú, wọ́n kàn so méjèèjì pọ̀. Àwọn òbí mìíràn gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà wọ́n, wọn ò fẹ́ sín in fún ọmọ tiwọn mọ́. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ rẹ kú, o ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, wọ́n wá ń fi òkú ọmọ náà purọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá tì ilẹ̀kùn mọ́rí. Tó bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ló fi í falẹ̀. Benjamin kò dákẹ́. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn ara rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé wọn kò sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ òun rárá, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kó ìgbóná ló ṣe kó o, pé òun ti pinnu láti sín in fún un nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, àti pé gbẹ́rẹ́ ṣì dára lójú òun.

Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin rẹ̀ Sarah ní 1743, kò falẹ̀ mọ́. Wọ́n sín tirẹ̀ ní kékeré.

Ìyókù ohun tó ṣe láyé pọ̀, àwọn ìwé Basic Science wa ti sọ díẹ̀. Òun ló fi káìtì wádìí mànàmáná ní 1752, tó fi hàn pé iná mànàmáná ni, tó sì ṣe irin tí wọ́n ń rì mọ́ orí ilé kí àrá má bàa jó o. Ó wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Ó jẹ́ aṣojú wọn ní Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun kan wà tí kò dára nínú ìtàn rẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Ó ní ẹrú nílé rẹ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ẹrú nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ìgbà tó darúgbó ló tó yí padà. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ kan tó ń gbógun ti òwò ẹrú ní 1787, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba lórí rẹ̀ ní oṣù kejì 1790. Ó pẹ́ jù lójú tèmi. Onesimus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ Boston ní gbẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ìgbóná sílẹ̀. Ní 1759, nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun àti dókítà kan tó ń jẹ́ William Heberden ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan. Heberden kọ bí èèyàn ṣe lè sín gbẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀, Franklin kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà kí wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn, ó sọ àwọn ohun tí kò jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣe é. Àwọn kan rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn kan kò lówó dókítà, pàápàá tálákà tó bímọ púpọ̀. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni ti ẹbí. Ó ní bàbá lè fẹ́, kí ìyá má fẹ́, tàbí kí ìbátan kan lòdì sí i. Ẹni tó fẹ́ á wá dákẹ́, nítorí tí nǹkan bá ṣe ọmọ, òun ni gbogbo ẹbí á máa bá wí títí ayé. Ó dà bí ẹni pé ó ti dé ilé wa rí.

Nígbà tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ lágbà, ó tún sọ ti Franky. Ó ní òun kábàámọ̀ rẹ̀ gan-an, ó ṣì ń dun òun. Ó ní nítorí àwọn òbí tó ń sá fún gbẹ́rẹ́ lòun ṣe sọ ọ́, àwọn tó rò pé àwọn ò ní lè dárí ji ara wọn tí ọmọ bá kú sínú rẹ̀. Ó fi hàn wọ́n pé ẹni tí kò sín in náà lè sunkún bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Jane, ní 1772, ó jẹ́wọ́ fún un pé tí òun bá ti rántí Franky, òun ṣì máa ń mí kanlẹ̀. Ó ti pé ọdún 35 tí ọmọ náà ti kú.

Ní 1777, George Washington pàṣẹ pé kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ ìgbóná fún gbogbo ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń ṣe é, kò sẹ́ni tó lè fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Franklin kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1790, ọmọ ọdún 84. Wọ́n sin ín sí Philadelphia, níbi tí sàréè Deborah àti ti Franky wà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Edward Jenner rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó sàn ju gbẹ́rẹ́ lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ara màlúù. Irú rẹ̀ ni wọ́n gún fún Ìyá Àgbà mi nígbà tó wà lọ́mọdé, àpá rẹ̀ wà ní apá rẹ̀ òkè, ó rí rogodo. Nígbà hólídé, mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà ní 1970, wọ́n sì kéde ní 1980 pé kò sí i mọ́ ní gbogbo ayé.

Ìyá Àgbà yìí kan náà ló ní kí n má gba abẹ́rẹ́ HPV o. Àǹtí mi ti fi ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ránṣẹ́ sí i. Màámi ní kí a dúró kí wọ́n fẹnu kò ná. Bàbá mi ò dúró, ó ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi, wọ́n sì ń bá a fa ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù.

Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n paná, mo sọ fún àwọn ọmọ yàrá wa pé ẹni tí mo ní ó ṣẹlẹ̀ sí yẹn, kò sí. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Mo ka ti Franky fún wọn látinú ìwé mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan bínú sí mi, ẹnì kan ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀rẹ́ mi tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀ lórí bọ́ńkì rẹ̀, ó ṣí lọ́kà rẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Mátírọ́nì ní àwọn nọ́ọ̀sì máa padà wá ní Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní sick bay, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Fọ́ọ̀mù tèmi wà nínú ìwé Mathematics mi, lójú ewé tí mo ti pín 844 yẹn.